Ife Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Àlàájà

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Bí mo bá ń fọ abọ́, á sọ sí mi. Bí mo bá jókòó nínú ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ta, á tún sọ sí mi. Kì í ṣe àìsàn màmá mi gan-an ni mò ń rò. Ara wọn ti yá, ọpẹ́ ni. Ife kan ni mò ń rò, ife tí wọ́n gbé dé ẹnu wọn, tí èmi ọmọ bíbí inú wọn na ọwọ́ gbà kúrò.

Mínírà ló wà nínú ife náà. Mo sì rántí ohun tí mo sọ: “Ṣúgà ló ń pa wọ́n, ẹ tún fẹ́ fún wọn ní ṣúgà?” Kò sí ẹni tó wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà tí kò gbè mí lẹ́yìn, àfi ẹnìkan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ mi dún bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí títí di òní nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ ààwẹ̀

Oṣù kìíní ni. Ọyẹ́ ń fẹ́ n'Ìbàdàn, ètè gbogbo wa ti là. Ṣọ́ọ̀ṣì màmá mi wà nínú ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21, láti àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ààwẹ̀ gbígbẹ tí omi kò gbọdọ̀ kan ẹnu. Ẹni ọdún 68 ni màmá, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Wọn kì í pa oògùn jẹ. Ohun tí gbogbo ẹbí fi ń yìn wọ́n nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n jí ní aago márùn-ún ìdájí, wọ́n fi omi díẹ̀ gbé oògùn wọn mì, wọ́n sì wọnú ààwẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n jẹ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kò ju ìwọ̀nba ẹ̀kọ mímu lọ. Lójú wọn, ohun tó yẹ ni wọ́n ṣe: oògùn kò yẹ̀, ààwẹ̀ kò bàjẹ́.

Nígbà tó di bí aago kan ọ̀sán, mo gbọ́ tí wọ́n ń fi orúkọ ìyá wọn pè mí, ìyá tó ti kú tipẹ́. Mo wọ yàrá. Òógùn ti mú kí aṣọ wọn rin gbingbin, nínú ọyẹ́ tí àwa yòókù ń wọ súwẹ́tà. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ojú wọn kọjú sí mi, ṣùgbọ́n kò jọ pé wọ́n rí mi.

Àǹtí mi, àbúrò màmá, bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lóhùn rara. Ẹnìkan ní ẹ̀gbà ni. Ẹlòmíràn ní àwọn ayé ni, pé ọ̀tá ti rí i pé ààwẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Èmi ń wá nọ́ńbà onítakisí nínú fóònù, mi ò sì rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú mi ń rékọjá lórí rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Àlàájà tó ń ta mínírà níwájú ilé wọlé. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn màmá, wọ́n bi mí pé, “Kí ni wọ́n jẹ láàárọ̀?” Mo ní ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà. “Wọ́n lo oògùn ṣúgà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn kì í pa á jẹ. Àlàájà figbe ta: “Ṣúgà wọn ló já!” Wọ́n sáré jáde, wọ́n gbé ìgò kan wọlé, wọ́n dà á sínú ife, wọ́n sì gbé e sún mọ́ màmá lẹ́nu. Ibẹ̀ ni mo ti na ọwọ́.

Àlàájà wò mí. Wọn kò jágbe mọ́ mi. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, oògùn yẹn lèmi náà ń lò. Nínú Ràmàdáánì ọdún kẹta sẹ́yìn, báyìí ni wọ́n ṣe bá mi nílẹ̀. Gbé ife yẹn fún mi.” Wọ́n rán ọmọ wọn lọ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò wá láti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gún màmá ní ìka, ẹ̀rọ náà sì gbé nọ́ńbà jáde: 38.

Mo ti rí 300 rí lára màmá mi. Mo ti rí 280. Bí mo ṣe rí 38, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ni pé, “Ọpẹ́ o, ṣúgà ti wálẹ̀.”

Nígbà náà ni mo gbé ife náà padà. Màmá ṣì lè gbé nǹkan mì. A gbé wọn jókòó, Àlàájà sì rọra fún wọn mu díẹ̀díẹ̀, bí ìdajì ife. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 wọ́n tún gún wọn ní ìka: 61. Wọ́n tún fún wọn ní ìwọ̀n kan náà. Ìṣẹ́jú 15 mìíràn: 94. Màmá mi wò yíká, wọ́n rí èrò tó kún yàrá, wọ́n sì bi wá pé ta ló kú.

“Wálẹ̀” yàtọ̀ sí “já”

Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ó jọ pé orúkọ àìsàn náà ń ro àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Àtọ̀gbẹ, orúkọ tí àwọn àgbà fún un, sọ ohun tí ojú wọn rí: ẹni tó ń tọ̀ títí tó fi gbẹ. Ìtọ̀ ṣúgà, èyí tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa báyìí, dárúkọ ọ̀daràn kan ṣoṣo. Orúkọ méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa ṣúgà tó pọ̀ jù. Kò sí èyí tó ta wá lólobó pé ṣúgà lè kéré jù, pé ẹni tó ń lo oògùn lè wà nínú ewu nítorí pé oògùn ọ̀hún ṣiṣẹ́ kọjá ibi tó yẹ kó dúró.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ ìmúláradá. “Ṣúgà màmá ti wálẹ̀.” Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni. A ń sọ ọ́ lórí fóònù, a ń jẹ́rìí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa béèrè rí pé, “Ó wálẹ̀ dé ibo?” Ọ̀rọ̀ tí Àlàájà lò, “já,” bí ìgbà tí okùn bá já, kò sí nínú ilé wa títí di ọ̀sán ọjọ́ yẹn. A kò ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wa, a wá ń yá ọ̀rọ̀ tí a ní: ẹ̀gbà, àwọn ayé, àárẹ̀ ààwẹ̀.

Nọ́ńbà tí mo mọ̀ báyìí rèé. Lórí ẹ̀rọ tí a ń lò ní Nàìjíríà, bí ó bá ti kéré sí 70, ó ti kéré jù fún ẹni tó ń lo oògùn yìí. Bí ó bá kéré sí 54, ewu ńlá ni, ọpọlọ ti ń pàdánù ohun tó fi ń ṣiṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, àárín 80 sí 130 kí wọ́n tó jẹun ni àwọn dókítà ń fẹ́, wọ́n sì lè fi àyè sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún arúgbó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ ń pe ilé, ẹ rántí pé òṣùwọ̀n tiyín yàtọ̀: ohun tí ẹ̀rọ ilé ń pè ní 70, bíi 4 ni lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà níbẹ̀ ti fi ìgbà kan pariwo lórí fóònù nítorí pé màmá ní ṣúgà wọn jẹ́ 98.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti dá mọ̀ bí a bá ti mọ̀ ọ́n: òógùn tó ń bo ènìyàn láìsí ooru, ọwọ́ gbígbọ̀n, ebi òjijì, àyà tó ń lù kìkì, òòyì, ọ̀rọ̀ tí kò bára mu. Bí ẹni náà bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ohun tó bá yára dùn ni kí ẹ fún un: hóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí ìdajì ife mínírà, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní ṣúgà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà kí ó jẹ oúnjẹ gidi. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu rárá, kò ní lè gbé e mì, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti fa omi ṣúgà sí i ní iṣan.

Ohun tó wà nínú ọ̀rá

A gbé màmá lọ sílé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń sọ pé ara àwọn ti le. Dókítà tó gbà wá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ní kí n padà sílé lọ kó gbogbo ohun tí màmá ń lò wá. “Gbogbo rẹ̀,” ló wí, “àti èyí tí ẹ kò kà sí oògùn.”

Mo kó o wá nínú ọ̀rá dúdú. Ó tò wọ́n sórí tábìlì. Metformin wà níbẹ̀. Glibenclamide wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ fún wọn nílé ìwòsàn. Páálí kẹta jẹ́ èyí tí wọ́n rà ní kẹ́mísì nígbà tí ṣúgà wọn ga lóṣù kejìlá, orúkọ mìíràn ló wà níwájú rẹ̀, àwọ̀ mìíràn, àwòrán mìíràn. Dókítà yí i padà, ó fi èékánná tọ́ka sí lẹ́tà tín-ín-rín kan nísàlẹ̀. Glibenclamide ni òun náà. Màmá mi ti ń gbé oògùn kan náà mì lẹ́ẹ̀mejì láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí pé ó ní orúkọ méjì. Lẹ́yìn náà ni ìgò àgbo jáde, èyí tí wọ́n ń mu lálẹ́.

Orúkọ gàdàgbà tó wà lára páálí, orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un ni. Orúkọ oògùn gan-an ni èyí kékeré. Èmi tí mo kàwé kò mọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kí màmá mi mọ̀?

Dókítà wá ṣàlàyé ohun tí glibenclamide ń ṣe. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù, pancreas ni wọ́n ń pè é, òun ló ń tú insulin jáde tí ara fi ń lo ṣúgà. Glibenclamide ń lé e níṣẹ́ ni. Yálà oúnjẹ wọlé, yálà kò wọlé, yóò máa lé e. Oògùn kò mọ ọjọ́ ààwẹ̀. Metformin kò rí bẹ́ẹ̀: èyí ń dín ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì ń jẹ́ kí ara lo insulin tó ní dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n kí òun nìkan já ṣúgà ènìyàn.

Nígbà tí mo délé mo ka ìtàn ẹbí oògùn tí glibenclamide ti wá. Ní Montpellier nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1942, dókítà kan tó ń jẹ́ Marcel Janbon ń fi oògùn tuntun kan tọ́jú àwọn tó ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Àwọn aláìsàn rẹ̀ kò ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n ṣúgà àwọn kan nínú wọn já débi pé gìrì mú wọn, ikú sì pa àwọn kan. Auguste Loubatières ló tọ pinpin rẹ̀ títí tó fi hàn pé a lè fi irú agbára yẹn tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà. Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màmá mi ni wọ́n fi kọ́kọ́ mọ irú oògùn yìí.

Dókítà kò jẹ́ ká padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú bí mi, mo rò pé owó ibùsùn ni wọ́n ń wá. Ó ní glibenclamide lè wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 24, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lára àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀. Ní aago méjì òru, nọ́ọ̀sì gún màmá ní ìka: 52. Omi ṣúgà ni wọ́n fà sí wọn lára títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí a bá ti lọ sílé, gbogbo wa ni ì bá ti sùn lọ.

Wọ́n ti yọ glibenclamide kúrò fún màmá báyìí. Nínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, gliclazide ni wọ́n fi síwájú nínú ẹbí oògùn yẹn, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé glibenclamide kò yẹ fún ẹni tó ti kọjá ọdún 60. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé kí ẹ lọ kó oògùn bàbá yín dà sí ààtàn lónìí. Ṣúgà tó bá ga láìsí ìdíwọ́ ń jẹ ojú, ń jẹ kíndìnrín, ń jẹ ẹsẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ kó ọ̀rá náà lọ bá dókítà tàbí apòògùn, kí ẹ sì béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ àgbo

Mo mọ̀ pé bí mo bá fọwọ́ kan àgbo, àwọn kan á sọ pé mo ti di ọmọ òyìnbó. Rárá o. Metformin fúnra rẹ̀ ní ìbátan pẹ̀lú ewé: ewéko kan wà ní Yúróòpù, Galega officinalis, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń lò láti ayé àtijọ́. Èròjà inú rẹ̀ ni ìwádìí lé wò, ó le jù, ó ń ṣe ara léṣe. Ìbátan èròjà yẹn tó tutù jù ni dókítà ará Faransé kan, Jean Sterne, fi tọ́jú ènìyàn, tó sì kọ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1957. Ẹ rí i pé ewé kọ́ ni ọ̀tá. Òṣùwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ìgò màmá mi kò ní òṣùwọ̀n. Bí ìyá alágbo bá se é nípọn lọ́sẹ̀ yìí, tó sì ṣàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sí bí dókítà ṣe lè mọ iye oògùn tó yẹ kó kọ lé e lórí. Bí ewúro inú rẹ̀ bá tilẹ̀ ń mú ṣúgà wálẹ̀ lóòótọ́, ó ń mú un wálẹ̀ lé orí èyí tí glibenclamide méjì ti mú wálẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní ewé tí kì í ṣe ewé nìkan. Ní Singapore lọ́dún 2008, àwọn ọkùnrin tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà rárá ń dákú nítorí oògùn ayédèrú tí wọ́n ń lò fún agbára ọkùnrin, títí kan èyí tí wọ́n ní ewé àti egbò ni. Glibenclamide ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn ọkùnrin náà kú.

Oúnjẹ ni oògùn ń bá rìn

Èyí ni mo fẹ́ kí ó yé ẹnikẹ́ni tó ní àgbà nílé. Ọdún mẹ́sàn-án la fi ń bi màmá pé, “Ṣé ẹ ti lo oògùn?” Ìdajì ìbéèrè ni. Gliclazide àti àwọn ẹbí rẹ̀, àtòun àtoúnjẹ ni: bí oúnjẹ kò bá ní sí, kí ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ́nu dókítà ohun tí òun yóò ṣe sí hóró ọjọ́ náà. Metformin pàápàá, àárín oúnjẹ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ló dára jù, nítorí inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru tó máa ń fà ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó sì máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n bá fi ìwọ̀n kékeré bẹ̀rẹ̀.

Hóró metformin tóbi, màmá mi a sì máa gún un lódó kékeré kí ó lè rọrùn láti gbé mì. Dókítà béèrè irú èyí tó jẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe láti máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, èyí tí ènìyàn kò gbọdọ̀ gún tàbí rún lẹ́nu, torí gbogbo rẹ̀ á tú lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí. Wọ́n tún ní àṣà kan: bí wọ́n bá gbàgbé ti àárọ̀, wọ́n á lo méjì lálẹ́. Ìyẹn náà ti tán. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú wọn débi pé omi ń tán lára wọn, a ó pe dókítà kí wọ́n tó lo metformin mìíràn. Wọ́n yóò máa yẹ kíndìnrín wọn wò lọ́dọọdún. Wọ́n sì fẹ́ yẹ fítámì B12 wọn wò, nítorí metformin tí ènìyàn bá lò pẹ́ lè dín in kù, ẹsẹ̀ tó ń ta wọ́n ṣínníṣínní láti ọdún tó kọjá sì lè ní ọwọ́ ìyẹn nínú.

Ti ààwẹ̀ ló le jù láti bá wọn sọ. Màmá mi kò fẹ́ gbọ́ pé àwọn kò ní lè gbààwẹ̀ mọ́. Àlàájà ló tún bá mi sọ ọ́. Wọ́n sọ fún màmá pé Kùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda aláìsàn, pé kí ó gbà á ní ọjọ́ mìíràn, tàbí kí ó bọ́ aláìní. Wọ́n ní àwọn máa ń lọ rí dókítà bí oṣù kan tàbí méjì ṣáájú Ràmàdáánì báyìí, kí ó lè yí àkókò àti ìwọ̀n oògùn padà sí ìṣínu àti sààrì. Wọ́n ń gún ìka lọ́sàn-án ààwẹ̀, bí ó bá sì ti kéré sí 70 tàbí tó kọjá 300, wọ́n á ṣínu lójú ẹsẹ̀, oòrùn ì báà wà lókè. Màmá mi dákẹ́ títí. Wọ́n ní, “Ta ló máa sọ fún pásítọ̀ wa?” Èmi ni mo lọ sọ fún wọn, mo mú ìwé dókítà dání. Pásítọ̀ kà á, wọ́n sì bi mí léèrè bóyá èmi lè wá bá ìjọ sọ̀rọ̀ kí ààwẹ̀ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbà.

Àǹtí mi tó ń gbàdúrà lọ́jọ́ yẹn kò bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo rò pé wọ́n ń bínú pé mo gbọ́ ti Àlàájà ju tiwọn lọ. Láàárọ̀ Mọ́ńdè tó kọjá, kí n tó jáde nílé, fóònù mi dún. Wọn kò kí mi. “Ó ti jẹun,” wọ́n wí. “Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Mo rí i tó jẹ ẹ́ tán. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lo oògùn rẹ̀ ni.”